Boycott: Orúkọ Ènìyàn Tó Di Ọ̀rọ̀ Ìṣe

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní ká "boycott" kíláàsì, orúkọ ọkùnrin kan ló pè yẹn.

Ará England ni Charles Boycott. Òun ló ń bá Lord Erne bójú tó ilẹ̀ ní Mayo, lórílẹ̀-èdè Ireland. Irè oko ò dára lọ́dún 1879, ni àwọn àgbẹ̀ bá ní kí wọ́n dín owó ilẹ̀ kù. Èyí tí wọ́n dín kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 1880, Boycott fi ìwé ilé ẹjọ́ ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó kúrò lórí ilẹ̀.

Wọn ò nà án, wọn ò jólé rẹ̀. Wọ́n kàn pa á tì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ oko rẹ̀ lọ, ọlọ́jà ò tà fún un, kò rẹ́ni fọṣọ. Èèyàn 50 ló wá láti Cavan àti Monaghan wá bá a kórè, tí ṣójà àti ọlọ́pàá bí 1,000 ń ṣọ́ wọn. Irè náà tó nǹkan bí £500. Owó ìṣọ́ tó £10,000. Irú òwò wo nìyẹn?

James Redpath, oníròyìn ará Amẹ́ríkà, sọ pé òun ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa lò, torí "ostracism" ò ní yé àwọn àgbẹ̀, ni Fadá John O'Malley bá ní kí wọ́n kúkú lo "boycott". Lédè tiwa, "pa tì" ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo lè pa nǹkan tì. Àgbájọ èèyàn ló ń ṣe boycott.

Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni Boycott fi Ireland sílẹ̀. Kó tó kú ní 1897, àwọn Faransé àti Jámánì ti sọ orúkọ rẹ̀ di ọ̀rọ̀ nínú èdè tiwọn.