Ijó Tí Dàhọ̀mì Jó Lórí Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá ní Ìbàfò àti Mọ̀wé lóde òní, ilé, ọjà àti ọkọ̀ ni yóò kún ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Èkó. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìgbà kan sì wà tí ìwàláàyè gbogbo Ẹ̀gbá rọ̀ mọ́ odi amọ̀ kan ní Abẹ́òkúta. Kí ogun tó dé ẹsẹ̀ odi náà, wọ́n ti kọ́kọ́ fi ijó ja ogun ọ̀hún ní ibòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ìran ló ní ijó ogun tirẹ̀. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ a máa fi asà àti ohun ìjà jó, àwọn ará Sparta sì fi irú ijó bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wọn. Àwọn ará Scotland a máa fò lórí idà méjì tí wọ́n gbé dábùú ara wọn. Ní Ọ̀háfíà, ní ilẹ̀ Ìgbò, ẹni tó bá gbé orí ọ̀tá wálé nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti bá àwọn akọni jó láyé àtijọ́. Títí di òní, aṣáájú ijó náà ṣì máa ń ru pákó tí a fi orí gbígbẹ́ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ̀rí ohun tí a ti ṣe ni ti Ọ̀háfíà. Ti Dàhọ̀mì yàtọ̀, nítorí ìbúra lórí ohun tí a kò tíì ṣe ni.

Lọ́dọọdún ni ọba Dàhọ̀mì máa ń ṣe ọdún ìrántí àwọn baba ńlá rẹ̀ ní Àgbómẹ̀. Wọ́n a pa ènìyàn bọ àwọn òkú ọba, ọba a ná owó fún àwọn ìjòyè, àwọn ọmọ ogun a sì jó níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin ló máa ń fa ojú àlejò mọ́ra jù: ìbọn, idà, àti abẹ títóbi lọ́wọ́ àwọn kan. Wọ́n a fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń bẹ́ orí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dúró, tí wọn yóò dárúkọ ìlú tí wọ́n fẹ́ fọ́, tí wọn yóò sì búra níwájú ọba pé àwọn kò ní padà lásán. Ẹni tó bá ti jó irú ijó bẹ́ẹ̀ ní gbangba ti fi ara rẹ̀ sínú gbèsè. Ọba pàápàá ti di onígbèsè, nítorí gbogbo ìlú ló gbọ́.

Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà níbi ọdún náà pẹ̀lú John Beecroft tó jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Forbes kọ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà sílẹ̀. Abẹ́òkúta ni ìlú tí wọ́n ń dárúkọ. Nígbà tí yóò fi di oṣù kìíní ọdún 1851, Beecroft ti dé Abẹ́òkúta, àwọn Ẹ̀gbá sì ti mọ̀ pé ogun ń bọ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù kẹta ọdún 1851 ni àwọn ọmọ ogun ọba Gezo dé. Ìtàn sọ pé àwọn ará Ìṣàgá, tí wọ́n bá Dàhọ̀mì mulẹ̀, fi ẹ̀tàn gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọlu ìlú lójú ọ̀sán, ní apá tí odi ti wó. Wọn kò sọ fún wọn pé Ẹ̀gbá ti tún apá náà ṣe. Ìjà le gan-an. Ìgbà tí àwọn Ẹ̀gbá tú aṣọ ara òkú ọ̀tá, tí wọ́n rí i pé obìnrin ló ń bá wọn jà, ni ìbínú wọn ru. Wọ́n lé Dàhọ̀mì padà.

Gbèsè kò tán síbẹ̀. Glele, ọmọ Gezo, gbẹ̀san lára Ìṣàgá ní 1862: ó pa ìlú náà run, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ní ìparí ọdún 1863, Richard Burton dé Àgbómẹ̀, ó wo ijó, òun fúnra rẹ̀ sì jó níwájú ọba. (Ó yẹ kí ènìyàn ronú sí irú ìran bẹ́ẹ̀.) Orúkọ Abẹ́òkúta ṣì wà lẹ́nu àwọn oníjó. Kò ju nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí Burton kúrò níbẹ̀ lọ tí Glele fi kó ogun rẹ̀ dé ẹsẹ̀ odi náà, ní ọjọ́ karùndínlógún oṣù kẹta ọdún 1864. Wọ́n tún ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ̀fúnróyè Tinúbú wà lára àwọn tó pèsè ohun ìjà fún Ẹ̀gbá, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì fi í jẹ Ìyálóde.

Lóde òní, àwọn ọmọ ogun obìnrin wọ̀nyí ti di ìwúrí fún gbogbo ayé. Ní 2022, fíìmù The Woman King jáde, ó sì sọ Ọ̀yọ́ di ọ̀tá wọn. Ní ọdún kan náà, ìjọba Benin gbé ère ọ̀kan nínú wọn, tó ga ní mítà 30, sí Kútọnu. Akíkanjú ni wọ́n lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè gba ìyẹn lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹrú tí Dàhọ̀mì tà ní Ouidah, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé irú ogun tí a kọ́kọ́ fi ijó búra rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fi mú wọn. Ó ṣòro láti gbé èyí sórí ère. Ìṣàgá Òrílé ṣì wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ẹ̀bá Abẹ́òkúta, níbi tí Glele ti wá gba gbèsè bàbá rẹ̀.