Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti Ìbò Ọdún 1959: Ìtàn Olùdíje Tí Kò Ní Ẹgbẹ́

 

Kò sí ẹni tó pẹ́ ní Àbújá tí kò mọ Wadata Plaza ní Wuse Zone 5 àti òpópónà Blantyre ní Wuse 2. Ibẹ̀ ni olú ilé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ PDP àti ti APC wà, bí ìdìbò bá sì ti ń súnmọ́, awakọ̀ tó bá mọ ọ̀nà mìíràn a yà fún àdúgbò méjèèjì. Kì í ṣe pé àwọn ẹgbẹ́ náà kàn fẹ́ràn Wuse. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní abala 222, ló sọ pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní olú ilé-iṣẹ́ ní Àbújá kò lè ṣe bí ẹgbẹ́ òṣèlú rárá. Ìlú tí a wá jẹun sí yìí ni ilé gbogbo ẹgbẹ́. Méjìdínlógún nínú wọn ló fa olùdíje kalẹ̀ fún ipò ààrẹ lọ́dún 2023.

Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ ńkọ́? Ìwé òfin kan náà ti dá a lóhùn. Abala 65 ló wà fún àwọn aṣòfin àpapọ̀, 106 fún ti ìpínlẹ̀, 131 fún ààrẹ, 177 fún gómìnà. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn fi sọ̀rọ̀: olùdíje gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹgbẹ́ náà ló sì gbọ́dọ̀ fà á kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àwa tí a wà ní Àbújá kò ní ìbò púpọ̀ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. A kì í yan gómìnà, mínísítà ni ààrẹ máa ń fi jẹ lé wa lórí. Yàtọ̀ sí ìbò ààrẹ, sẹ́nétọ̀ kan, aṣojú-ṣòfin méjì, àti àwọn alága àti kánsẹ́lọ̀ ní Abaji, Bwari, Gwagwalada, Kuje, Kwali àti AMAC, ó tán. Kò sí ọ̀kan nínú ipò wọ̀nyí tí ẹni tó dá dúró lè dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí lè rò pé bó ti wà láti ìṣẹ̀dálẹ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1959, nígbà tí òmìnira ku ọdún kan, obìnrin Yorùbá kan, opó, ẹni ọdún 59, jáde láti díje sí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ ní Èkó láìsí ẹgbẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ti Abẹ́òkúta ni. Ọ̀pọ̀ mọ̀ ọ́n sí ìyá Fẹlá, àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí wọ́n ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ wa mọ́tò ní ilẹ̀ wa. Ohun tó dúró lé lórí nínú òṣèlú ni a fẹ́ sọ níhìn-ín, nítorí pé òun gan-an ló gbé e dé ibi tí kò fi rí ẹgbẹ́ tí yóò gbà á sọ́dọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó orí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún 1918 ni wọ́n ti ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, lọ́tọ̀ sí èyí tí ọkọ wọn ń san. Ọmọbìnrin ti ń san án ní ọmọ ọdún 15, nígbà tí wọn kò tíì béèrè lọ́wọ́ ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ìyá ké gbàjarè pé àwọn agbowó orí ń bọ́ aṣọ lára ọmọ àwọn láti wò ó bóyá ó ti tó ẹni tí í san owó. Nígbà ogun Hitler, ọ̀rọ̀ tún burú sí i: àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn alátà. Àwọn obìnrin yìí ń san owó, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń ná an.

Olùkọ́ ni Ìyáàfin Kútì, ọmọ ilé ìwé gírámà Abẹ́òkúta, níbi tó ti jẹ́ ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà wọlé. Ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin ọ̀mọ̀wé ló wà tẹ́lẹ̀, ti ayẹyẹ àti ìwà ọmọlúàbí. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyá ọjà ní ìwé kíkà, ní nǹkan bí ọdún 1944, ni wọ́n ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n fún un, ọ̀rọ̀ ìrẹsì sì ni àkọ́kọ́ tó bá wọn jà fún. Nígbà tó di 1946, ẹgbẹ́ náà ti di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, níbi tí aláṣọ àti alátà ti ń jókòó pọ̀ pẹ̀lú ìyàwó pásítọ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti pa kaba òyìnbó tì, tó ń wọ ìró àti bùbá, tó sì ń bá àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó sọ Yorùbá gidi. Ẹni tí kò bá gbọ́ nínú wọn, kó lọ wá ògbufọ̀.

Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, àwọn obìnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kóra jọ sí iwájú ààfin, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Ìjà náà kò tán bọ̀rọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìlú sílẹ̀ fún sáà kan, kó tó padà sórí ìtẹ́ ní ìparí 1950. Wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, àwọn obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ ìlú, Ìyáàfin Kútì sì wà nínú wọn. A mọ̀ pé ilé kan wà títí dòní tí ìtàn yìí kò dùn mọ́ nínú nítorí ọ̀wọ̀ ọba. A kò sì ní torí ìyẹn sọ pé owó tí wọ́n ń gbà yẹn tọ́.

Láti orí owó orí ni ó ti dé orí ìbò. Èrò rẹ̀ kò le: ẹni tó ń san owó ìjọba gbọ́dọ̀ ní ẹnu níbẹ̀. Ó tún lọ jìnnà ju ìyẹn lọ, ó ní ìbò kì í ṣe ohun tí a fi ìwé owó orí rà, ẹ̀tọ́ gbogbo àgbà ni, lọ́kùnrin lóbìnrin, lọ́lọ́rọ̀ tálákà. Lọ́dún 1951, nígbà tí wọ́n ń yan àwọn aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn, ìpele-ìpele ni ìdìbò náà, àwọn díẹ̀ ló ń yan ẹni tí yóò yan ẹlòmíràn. Ó díje, ó fìdí rẹmi. Lọ́dún 1954, Ìlà Oòrùn ti jẹ́ kí gbogbo àgbà dìbò, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó san owó orí nìkan ni. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún obìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ owó orí: a mú ẹrù kúrò lórí rẹ̀, a sì mú ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù náà.

Kò dúró sí Ẹ̀gbá. Ẹgbẹ́ rẹ̀ di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1949, ó ní ẹ̀ka ní Kano, Aba àti Enugu, nítorí ó gbà pé obìnrin Àríwá náà gbọ́dọ̀ dìbò. Lórí ẹ̀kọ́, ó fẹ́ kí ọmọbìnrin lọ sí ilé ìwé bí ọmọkùnrin, kí ìyá tó ti dàgbà náà kọ́ ìwé. Lórí ọ̀rọ̀ òkèèrè, ó ní Nàìjíríà kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹrú ẹnikẹ́ni, ó lọ sí Rọ́ṣíà àti Ṣáínà nígbà tí àwọn alágbára ayé pín sí méjì, ìjọba sì torí ìyẹn kọ̀ láti sọ páspọ́ọ̀tì rẹ̀ dọ̀tun ní 1957.

Gbogbo àsìkò yìí, ọmọ ẹgbẹ́ NCNC ni. Òun nìkan ni obìnrin tó bá wọn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1947 láti lọ bá ìjọba òyìnbó sọ̀rọ̀ lórí ìwé òfin, òun ló sì ń darí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ náà ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò 1959 dé, tí wọ́n ń pín àyè, ẹgbẹ́ kò fa Ìyáàfin Kútì kalẹ̀. Lójú tiwa, ẹgbẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó ń kó obìnrin jọ fún wọn. Ìgbà tó wá béèrè àga fún ara rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ di òmíràn.

Òfin ìgbà náà kò sé ọ̀nà mọ́ ọn. Ó gba ìwé, ó díje láìsí ẹgbẹ́, nínú ìbò ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá ọdún 1959 tí wọ́n fi yan aṣòfin 312. Ní Ìwọ̀ Oòrùn, Ìlà Oòrùn àti Èkó, gbogbo àgbà ló dìbò lọ́jọ́ náà, ohun tó ti ń jà fún láti ọjọ́ pípẹ́. Ní Àríwá, ọkùnrin nìkan ni, àwọn obìnrin ibẹ̀ sì dúró di ọdún 1979 kí wọ́n tó dìbò àpapọ̀.

Ó fìdí rẹmi. Ìbò tó yẹ kó jẹ́ ti NCNC pín sí méjì, Action Group sì gba àga náà. Inú bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n lé e. Ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Commoners' People's Party, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìyẹn fi kú. A kò ní bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: àwọn tó bínú sí i rí ohun tí wọ́n ń wí. Aládàádúró kì í sábà wọlé, ó sì lè ba ti ẹni tó sún mọ́ ọn jù jẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin Yorùbá mìíràn, Olóyè Wúràọlá Ẹ̀sán ti Ìbàdàn, wọ Ilé Aṣòfin Àgbà, òun ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Wọ́n yàn án síbẹ̀ ni, ẹgbẹ́ Action Group ló sì ti wá. Ọ̀nà ẹgbẹ́ yá ju ọ̀nà àdádúró lọ. Síbẹ̀, ẹni tí wọ́n yàn máa ń mọ ẹni tó yan òun, ẹni tí ará ìlú dìbò fún sì mọ ojú tirẹ̀.

Àwọn ológun gbàjọba ní 1966, wọ́n sì fòfin de gbogbo ẹgbẹ́. Nígbà tí wọ́n ń múra láti padà sí bárékè, wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí Olóyè Rótìmí Williams jẹ́ alága rẹ̀, láti kọ ìwé òfin tuntun. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kò ṣòro láti lóye: ẹgbẹ́ ayé àtijọ́ jẹ́ ti ẹ̀yà, ti agbègbè, ó sì ti fa ìjà. Wọ́n fẹ́ ẹgbẹ́ tó kárí gbogbo Nàìjíríà. Nínú ìwé òfin 1979 tó jáde níbẹ̀, ẹgbẹ́ nìkan ló kù tó lè gbé olùdíje jáde. Ìyáàfin Kútì kò rí i. Àwọn sójà ti jù ú láti ojú fèrèsé nígbà tí wọ́n kọlu ilé Fẹlá ní oṣù kejì 1977, ó sì kú ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin 1978, nígbà tí àpéjọ tó ń yẹ ìwé òfin náà wò ṣì ń jókòó.

Ilẹ̀kùn náà tún ṣí fẹ̀ẹ́rẹ́ nínú ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti oṣù kejìlá 1987, nítorí kò sí ẹgbẹ́ kankan nígbà náà. Lẹ́yìn èyí, ẹni tí ẹgbẹ́ kò gbà gbọ́dọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí Gani Fáwẹ̀hìnmí ṣe nìyẹn: ó dá National Conscience Party sílẹ̀ ní 1994, wọn kò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ títí di 2002, ó sì wá díje ní 2003.

Ní Àbújá wa yìí náà ni wọ́n ti ń gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn ọ̀hún. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Uwais dábàá rẹ̀ ní 2008. Àpéjọ àpapọ̀ ọdún 2014 dábàá rẹ̀. Ilé aṣòfin méjèèjì dìbò fún un ní 2017, wọ́n tún dìbò fún un ní 2022. Ìbò 2023 dé, ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Ní Arusha, ilé ẹjọ́ Áfíríkà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti sọ fún ìjọba Tanzania láti 2013 pé kíkọ aládàádúró tako ẹ̀tọ́ ará ìlú.

Àwọn ará wa ní Bẹ̀nẹ̀ ti dán an wò. Thomas Boni Yayi di ààrẹ níbẹ̀ láìsí ẹgbẹ́ ní 2006, Patrice Talon, oníṣòwò òwú, náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2016. Talon ṣèlérí pé sáà kan ṣoṣo ni òun yóò lò. Ó gbé àbá sáà kan lọ sí ilé aṣòfin ní 2017, ìbò mẹ́ta péré ni kò jẹ́ kó kọjá. Ó tún díje ní 2021, lábẹ́ òfin tuntun tó ní olùdíje gbọ́dọ̀ rí àwọn aṣòfin tàbí olórí ìlú tí yóò fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn sì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé lè ti fèrèsé mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an, nítorí àlejò ni púpọ̀ wa níbí. Òfin kò béèrè ibi tí a ti wá kí a tó dìbò ní Bwari tàbí Kuje. Ṣùgbọ́n níbi ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́, wọ́n máa ń béèrè, àwọn Gbagyi tó ni ilẹ̀ sì ní ẹjọ́ tiwọn tó yẹ ká gbọ́. Ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ tí kò sì ní bàbá ìsàlẹ̀ kò ní ibòmíràn tí yóò gbà. Ẹgbẹ́ wa yìí pàápàá, abala 221 kò gbà kó polongo ìbò fún ẹnikẹ́ni, tàbí kó dáwó fún ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje. Ẹ jẹ́ kó yé wa dáadáa kí ẹnikẹ́ni má baà mú wa ṣèèṣì.

Òfin kò ní kí a má bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí wọ́n bi ní Abẹ́òkúta ní 1947 ṣì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá wá bá wa fún ìbò: owó tí àwọn ìyá wa ń san ní ọjà Wuse, Garki, Nyanya àti Karu, ta ló ń gbà á, kí ni wọ́n ń fi í ṣe, èwo nínú wọn ló sì ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín in?