Ayùn Oníṣéènì: Ẹjọ́ Ẹ́ńjìnnì Ìrìn-Méjì àti Ìrìn-Mẹ́rin

Kí ẹ́ńjìnnì tó dé inú igbó, àáké àti ayùn ọlọ́wọ́ ni agégi mọ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ń la gẹdú sí pákó a máa gbẹ́ kòtò gígùn, wọn a gbé ìtì igi dábùú rẹ̀, ẹnì kan a dúró sókè, ẹnì kejì a sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, wọn a sì máa fa ayùn láàárín ara wọn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìyẹ̀fun pákó a máa bo ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ lójú àti nímú. Lónìí, ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbé ayùn oníṣéènì lọ́wọ́ lè gé igi tí ìbá gba odidi ọjọ́ kí ọbẹ̀ tó hó lórí iná. Síbẹ̀, díẹ̀ ni àwọn tí ń béèrè ìdí tí ayùn yìí fi ń pariwo tí ó sì ń rú èéfín tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi jù ú lọ fíìfíì ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Ìdáhùn ìbéèrè náà wà nínú ìtàn ẹ́ńjìnnì méjì tí wọ́n jáde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn àgbà sì wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì kí a tó dá ẹjọ́ wọn.

Bí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ṣe dé

Ẹ́ńjìnnì ìrìn-mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n. Ní ọdún 1862, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Alphonse Beau de Rochas, kọ ìlànà rẹ̀ sínú ìwé, ṣùgbọ́n kò kan ẹ̀rọ náà jáde. Nikolaus Otto, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe èyí tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọdún 1876. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní 1886, ilé-ẹjọ́ ní Jámánì gba ẹ̀tọ́ àdáni tí Otto ní lórí ìlànà náà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé Beau de Rochas ti kọ ọ́ ṣáájú. Bí ọ̀nà ṣe ṣí sílẹ̀ fún àwọn yòókù láti máa ṣe é nìyẹn.

Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, ìrìn mẹ́rin ni písítìnì máa ń rìn kí iṣẹ́ kan tó parí. Yóò kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ láti fa epo àti afẹ́fẹ́ wọlé. Yóò gòkè láti tẹ̀ wọ́n mọ́ra. Iná yóò ṣẹ́ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì, yóò sì tì í sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú agbára. Yóò tún gòkè láti lé èéfín jáde. Fáàfù ni ó ń ṣí ọ̀nà tí ó sì ń pa á dé lákòókò tí ó yẹ, ọ́ìlì sì wà nínú ikùn ẹ́ńjìnnì tí ó ń fi ara àwọn irin náà rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni iná ń jó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí po lẹ́ẹ̀mejì.

Àbúrò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ìrìn-méjì, ti ọwọ́ Dugald Clerk, ọmọ ilẹ̀ Scotland, jáde ní nǹkan bí ọdún 1878. Ṣùgbọ́n Joseph Day ní ìlú Bath, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó sọ ọ́ di ohun tí ó rọrùn ní ọdún 1891, Frederick Cock tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ sì tún un ṣe ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọgbọ́n Day ni pé ó sọ ìsàlẹ̀ písítìnì di òṣìṣẹ́ bí òkè rẹ̀. Bí písítìnì bá ń gòkè tí ó ń tẹ epo àti afẹ́fẹ́ tí ó wà lókè, ó ń fa òmíràn wọ inú ikùn ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Bí iná bá tì í sọ̀ kalẹ̀, yóò ṣí ihò kan sílẹ̀ fún èéfín, yóò sì ti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ gba ojú ihò mìíràn lọ sókè. Kò sí fáàfù kankan, iná sì ń jó nígbàkúùgbà tí ẹ́ńjìnnì bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí epo ti ń gba inú ikùn náà kọjá, kò ṣeé ṣe láti tọ́jú ọ́ìlì síbẹ̀. Àfi kí a pò ó mọ́ epo, kí àwọn méjèèjì sì jọ jóná. Orísun èéfín aláwọ̀ búlúù náà nìyẹn. Day fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1946, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Bí ayùn ṣe yan ẹ̀rọ rẹ̀

Ilẹ̀ Jámánì ni ayùn oníṣéènì ti di ohun tí a ń ṣe tà fún àwọn agégi. Andreas Stihl, tí wọ́n bí ní Zurich ní 1896, ṣe èyí tí ń lo iná mànàmáná ní 1926. Ní ọdún 1927, Emil Lerp gbé ayùn tirẹ̀, tí ń lo bẹntiróòlù, gun òkè Dolmar ní Thuringia láti dán an wò. Orúkọ òkè náà ni ó sì fi sọ ẹ̀rọ náà. Ìwọ̀n rẹ̀ tó kìlógíráàmù 58. Ní 1929, Stihl náà mú ayùn oníbẹntiróòlù jáde. Ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 46. Ọkùnrin méjì ni ó ń gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin méjì ti ń fa ayùn inú kòtò.

Láti ìgbà yẹn ni ìwúwo ti di ọ̀tá tí gbogbo àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà ń bá jà. Ní 1950, Stihl mú ayùn ẹnì kan jáde. Nígbà tí ó di 1959, ó mú èyí tí ó pè ní Contra jáde, tí kò wúwo ju kìlógíráàmù 12 lọ, tí agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin mẹ́fà. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Joseph Cox, agégi ní ìpínlẹ̀ Oregon, ṣàkíyèsí ní 1946 bí kòkòrò kan ṣe ń fi ẹnu rẹ̀ jẹ igi sọ́tùn-ún sósì, ó sì fi àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣe eyín ṣéènì. Eyín irú èyí ni ọ̀pọ̀ ayùn ń lò títí di òní.

Nínú ìjà ìwúwo yìí, ẹ́ńjìnnì ìrìn-mẹ́rin kò lè bá àbúrò rẹ̀ dọ́gba. Fáàfù, àwọn irin tí ń ṣí i, àti àgbá ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ ẹrù tí agégi yóò máa gbé kiri láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ìrìn-méjì kò ní wọn, bẹ́ẹ̀ ni iná rẹ̀ ń jó ní ìlọ́po méjì. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì jù ni ìdúró. A kì í gbé ayùn dúró ṣinṣin bí ìgbà tí a gbé ìkòkò kaná: ẹni tí ó ń gé igi lulẹ̀ a dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹni tí ó ń gé ẹ̀ka a gbé e sókè orí. Bí a bá da ẹ́ńjìnnì ìrìn-mẹ́rin bẹ́ẹ̀, ọ́ìlì ikùn rẹ̀ yóò ṣàn kúrò níbi tí ó yẹ kí ó wà, irin yóò sì máa ha irin. Ti ìrìn-méjì kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí inú epo ni ọ́ìlì tirẹ̀ ń bá wá. Kábúrétọ̀ àtijọ́ nìkan ni ó ń dá a dúró, nítorí òun náà kò fẹ́ ìdàsẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n sì fi èyí tí ó ní awọ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rọ́pò rẹ̀, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ níbikíbi tí a bá kọ ojú rẹ̀ sí.

Ohun tí ìrọ̀rùn náà ná ènìyàn

Ṣùgbọ́n ohun tí ó fúyẹ́ lọ́wọ́ lè wúwo nínú ẹ̀dọ̀fóró. Nínú ẹ́ńjìnnì ìrìn-méjì lásán, ihò èéfín ṣì wà ní ṣíṣí nígbà tí epo tuntun ń wọlé. Nítorí náà, apá kan epo náà, tí ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ń bá èéfín jáde láìjóná. Owó agégi ń ṣòfò, ìmí rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Ariwo rẹ̀ ju dẹ́síbẹ̀lì 100 lọ lẹ́bàá etí ẹni tí ó dì í mú. Ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ náà kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́: láàárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn oníṣègùn ní Japan, ní Britain àti ní Sweden rí i pé ìka àwọn tí ń fi ayùn yìí ṣiṣẹ́ ń funfun, ó sì ń kú tìpìrì nínú òtútù. Òtítọ́ ni pé kò sí ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí kì í gbọ̀n. Rọ́bà tí wọ́n fi sáàárín ẹ́ńjìnnì àti ìdìmú ni ó dín ìyà náà kù. Pípo ọ́ìlì pẹ̀lú tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ayùn òde òní ń béèrè lítà ọ́ìlì kan sí lítà epo 50. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wọ̀n ọ́n, bí ó bá kéré jù, písítìnì yóò gan. Bí ó bá pọ̀ jù, èéfín yóò bo gbogbo igbó.

Òfin bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń parí lọ. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbé òfin àkọ́kọ́ kalẹ̀ lórí èéfín àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké ní 1995. Ó dà bí ẹni pé àkókò ẹ̀gbọ́n ti tó. Honda ṣe ẹ́ńjìnnì ìrìn-mẹ́rin kékeré tí a lè dà síbikíbi, tí ọ́ìlì rẹ̀ ń fọ́n ká bí ìrì. Stihl náà ṣe èyí tí ó ní fáàfù ṣùgbọ́n tí ń lo epo tí a po mọ́ ọ́ìlì, kí àgbá ọ́ìlì má baà sí mọ́. Ara ẹ̀rọ ìgéko ni irú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ti rí àyè jù. Ayùn oníṣéènì kò yí padà: dípò kí wọ́n lé ìrìn-méjì lọ, ńṣe ni wọ́n tún un ṣe, tí wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lásán ṣáájú epo wọlé, kí ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ náà ni yóò bá èéfín jáde.

Ẹjọ́ kan náà, ìdájọ́ méjì

Àwọn ará Nàìjíríà ti rí ẹjọ́ yìí lójú pópó láìmọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà àtijọ́, irú AX100, ìrìn-méjì ni wọ́n. Èéfín wọn a máa kún ìkóríta. Lónìí, Boxer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ ìrìn-mẹ́rin ni ó gbòde. Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n fi borí níhìn-ín tí kò borí nínú igbó? Ìdí rẹ̀ ni pé táyà ni ó ń gbé ìwúwo ọ̀kadà, kì í ṣe apá ẹni tí ó gùn ún, kò sì sí ẹni tí ń gbé ọ̀kadà dorí kodò ṣiṣẹ́. Epo tí ó ń fi pa mọ́ sì jẹ́ èrè ojoojúmọ́ fún ẹni tí ó ń fi í wá oúnjẹ. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: iṣẹ́ ni ó ń yan ẹ̀rọ.

Ẹnì kẹta tún ti wọ inú ẹjọ́ náà báyìí, èyíinì ni ayùn oníbátìrì. Ìpínlẹ̀ California ṣe òfin ní 2021 pé kí títa ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kéékèèké tuntun tí ń rú èéfín dópin bẹ̀rẹ̀ láti 2024. Síbẹ̀, òfin náà kò kan àwọn ayùn ńláńlá tí agégi fi ń wó igi ńlá. Títí di òní, inú igbó jíjìn tí kò sí iná mànàmáná, ìrìn-méjì ṣì ni ọba.

Ohun kan wà tí ẹ́ńjìnnì kankan kò lè dá lẹ́jọ́. Igbó àpamọ́ Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti wà lábẹ́ òfin láti 1925, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn àgbègbè àpamọ́ àgbáyé ní 1977. Síbẹ̀, igi ń wó níbẹ̀. Nígbà ayùn inú kòtò, àárẹ̀ ara nìkan tó láti dáàbò bo ìrókò, arère àti ọ̀gànwó, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè gé ju agbára rẹ̀ lọ. Ayùn oníṣéènì ti mú odi yẹn kúrò, ìbáà jẹ́ ìrìn-méjì, ìbáà jẹ́ ìrìn-mẹ́rin, ìbáà jẹ́ oníbátìrì tí kò rú èéfín rárá. Àyàfi kí àwọn ènìyàn fúnra wọn fi òfin àti ìkóra-ẹni-níjàánu mọ odi mìíràn dípò rẹ̀, kí wọ́n sì máa gbin igi sípò èyí tí wọ́n gé.