Òfin Ìsìláàmù Lábẹ́ Ìjọba Àwa-ara-wa ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀

Ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀, ní Èkó Àkéte ilé ọgbọ́n, níbi tí Mùsùlùmí, onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe ti lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ìfẹ́-inú ẹni ni òfin Ìsìláàmù fi ń múlẹ̀, kì í ṣe pàṣán ìjọba. Ìlànà Ìmáàmù Máliki, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tọ̀, gbà kí adájọ́ wo àǹfààní gbogbo ènìyàn àti àṣà ìlú tí kò bá tako ẹ̀sìn. Àlùkùránì sì yin àwọn tí ń fi ìgbìmọ̀ tún ọ̀ràn ara wọn ṣe (42:38), ó kọ̀ kí a fipá mú ènìyàn wọ ẹ̀sìn (2:256).

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ogún pínpín ló sì fi èyí hàn jù. Bí baálé kan ní Ìsọlọ̀ bá kú, tó fi ìyàwó méjì, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀, tí òbí rẹ̀ kò sí láyé mọ́, tí wọ́n sì ti san gbèsè rẹ̀ tán, àáfáà yóò yọ ìdámẹ́jọ fún àwọn opó láti jọ pín, yóò pín ìyókù sọ́nà mẹ́rin, ọmọkùnrin á mú méjì, ọmọbìnrin á mú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n àṣà ìdí-igi ti Yorùbá kì í fún opó ní nǹkan. Iye ìyàwó tó bímọ ni iye ìpín. Ìdí-igi yìí náà ni ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ní 1962 lórí ogún Suberu Dawodu ti Èkó, tó ní ìyàwó 4 àti ọmọ 9, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti Mùsùlùmí.

Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 kò jẹ́ kí ìpínlẹ̀ kankan sọ ẹ̀sìn kan di ti ìjọba (abala 10), ó fi olúkúlùkù sílẹ̀ láti sin bó ṣe fẹ́ (abala 38), ó sì gba ìpínlẹ̀ tó bá wù láàyè láti dá ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà sílẹ̀ (abala 275). Èkó kò dá a sílẹ̀. Ní 2002 àwọn Mùsùlùmí gbé ìgbìmọ̀ Ṣàríà tiwọn kalẹ̀, tí tọkọtaya tí yìgì wọn fẹ́ já àti àwọn ọmọ olóògbé ń gbé ẹjọ́ wọn lọ. Ìgbìmọ̀ náà kò ní ọlọ́pàá. Ẹni tó bá kọ̀ láti wá, kò sẹ́ni tí yóò wọ́ ọ wá. Àwọn kan ka èyí sí àìlera, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun gan-an ló jẹ́ kí aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí sùn kó hanrun.

Ilé-ẹjọ́ ìjọba náà kò sì di etí sí Mùsùlùmí: ní oṣù kẹfà 2022, adájọ́ 5 nínú 7 ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá a pé akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Èkó.