Òwú Tí Ó Padà Sórí Òfì: Àtúnlò Nínú Ìtàn Aṣọ Yorùbá

Àwọn onímọ̀ òde òní ń pè é ní ọrọ̀-ajé àyípo: ètò tí ohun èlò kì í fi í parí sí ààtàn, tí a ń tú u, tí a sì ń tún un ṣe kí ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ yìí jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ìṣe náà ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ahunṣọ àti aláró Yorùbá. Ìtàn wọn fi hàn pé ọwọ́ ẹni tí ó gbèrò aṣọ ni àtúnlò ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tó kan akólẹ̀ rárá.

Àlàárì ni aṣọ pupa tí a ń kà pọ̀ mọ́ sányán àti ẹtù gẹ́gẹ́ bí aṣọ ọlọ́lá. Ní ọ̀rúndún 19, àjẹkù sílíìkì ilé-iṣẹ́ Yúróòpù wà lára ohun tí a fi ń hun ún. Àwọn oníṣòwò ń kó o gba Tripoli, ràkúnmí á gbé e la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá dé Kánò, kí ó tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn ará Bùnú, tí ilẹ̀ wọn wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí lónìí, ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń tú kúbùsù pupa ti ilé ìwòsàn ní fọ́nrán-fọ́nrán, wọ́n sì ń fi òwú rẹ̀ hun aṣọ ìpò tí a fi ń ṣẹ̀yẹ ìsìnkú àwọn ẹni ńlá. Àlòkù ni òwú náà, síbẹ̀ aṣọ tí ó níyì jù lọ láwùjọ wọn ni a fi í hun.

Àwọn aláró náà kò gbẹ́yìn. Eérú tí wọ́n ti sẹ́ omi rẹ̀ tán, wọ́n a pò ó mọ́ tuntun, wọ́n a mọ ọ́n róbótó, wọ́n a sì tún sun ún nínú ààrò. Ní Abẹ́òkúta, páànù tín-ín-rín inú àpótí tíì ni àwọn ọkùnrin ń gé ọnà sí lára fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ.

Aṣọ òkè fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí a rán pọ̀. Bí a bá tú ojú abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọ̀já náà ṣì wà lódindi; agbádá lè di ìró, kí àjẹkù rẹ̀ di fìlà. Lóde òní, òwú oníke dídán ti wé mọ́ òwú gidi nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, débi pé yíyà wọ́n sọ́tọ̀ le. Àwọn aránṣọ mìíràn a gé ọ̀já náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n a sì lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ inú rẹ̀. Irú èyí ni ọ̀pọ̀ aṣọ ẹbí tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo síbi ìgbéyàwó ní London tàbí Houston, tí ó wá di ẹrù inú àpótí.

Nkwo Onwuka, ayàwòrán aṣọ ọmọ Nàìjíríà, ti gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń la àjákù jíìnsì sí ọ̀já-ọ̀já, ó sì ń rán wọn pọ̀ di aṣọ tuntun tí ó pè ní Dakala. Ọgbọ́n ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ahunṣọ ti mọ̀ tipẹ́ ni ó tún gbé dìde nínú rẹ̀.