Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń gba ìdí ẹ̀wà lọ́wọ́ àrùn

Ọ̀tá tí gbogbo àgbẹ̀ Èrúwà mọ̀ mọ ẹ̀wà ni kòkòrò, òun náà ni wọ́n sì ń ra oògùn sí. Ṣùgbọ́n ọ̀tá mìíràn wà nínú ilẹ̀ tí oògùn tí wọ́n ń fín sára ewé kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wà yóò hù dáadáa, owó irúgbìn àti owó lébìrà ti wọlẹ̀, kó tó di pé òmíràn ṣubú, òmíràn sì rọ bí ẹni pé oòrùn ló pa á. Bí wọ́n bá fà á tu, ìdí rẹ̀ ti rà, ohun funfun bí òwú ti yí i ká, pẹ̀lú hóró róbótó tó kéré bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ohun funfun yìí, ìbátan olú tí à ń sè jẹ. Sclerotium rolfsii ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Hóró rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan láì kú, ìdí nìyẹn tí àrùn náà fi ń pọ̀ sí i lójú ibi tí wọ́n bá ń gbin ẹ̀wà sí léraléra.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Trichoderma ni orúkọ rẹ̀, inú ilẹ̀ náà ló ń gbé. Láti ọdún 1932 ni Weindling ti fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ó máa ń lọ́ mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó jẹ́ ara fọ́ńgọ́ọ̀sì búburú, á yọ́ ọ, á sì fi í ṣe oúnjẹ. Ó tún máa ń gba àyè ní ìdí ohun ọ̀gbìn kí aṣebi tó dé.

Ní Olómìnira Benin tó múlé gbè wá, àwọn onímọ̀ dán èyí wò lórí ẹ̀wà, èsì wọn sì jáde lọ́dún 2006. Wọ́n fi omi ewé mòríńgà tọ́jú irúgbìn, wọ́n wá fọ́n Trichoderma sí ilẹ̀. Lóko, ọ̀nà méjèèjì pọ̀ dín àrùn náà kù ju ìdá 70 nínú 100 lọ, ẹ̀wà sì so sí i. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò dá ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Nǹkan ẹlẹ́mìí ni Trichoderma o. Oòrùn lè pa á, oògùn apafọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n bá pò mọ́ irúgbìn náà lè pa á. Kò sì lè jí ẹ̀wà tó ti ń kú dìde. Kí àrùn tó wọlé ni iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ bu ohun aláwọ̀ ewé tó hù lórí ààtàn pé Trichoderma ni. Ó lè jẹ́ Aspergillus, tí irú rẹ̀ kan ń fi májèlé aflatoxin sínú ẹ̀pà àti àgbàdo. Òun ni IITA n'Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe Aflasafe sí, èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2014: ìbátan rẹ̀ tí kò ní májèlé ni wọ́n ń fọ́n sóko láti gba ipò rẹ̀. Aflasafe kì í ṣe oògùn ìdí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni.

Níbi tí ìdí ẹ̀wà bá ti ń rà, kí wọ́n hú èyí tó kú, kí wọ́n sun ún, kí wọ́n sì fi àgbàdo gba ipò rẹ̀ fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹ̀pà kò ṣeé fi rọ́pò, nítorí Sclerotium yìí kan náà ló ń pa á.