Èbúté Liverpool: Bí Ìlú Ṣe Pàdánù Èrò Òkun àti Bí Ó Ṣe Tún Wọn Rí

Orúkọ Liverpool kì í ṣe àjèjì ní etí wa. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó àti ní Abẹ́òkúta ni a ti ń gbọ́ ìtàn baba tàbí ẹ̀gbọ́n tí ó wọ ọkọ̀ òkun ní Èkó, tí ó sì gúnlẹ̀ ní Liverpool lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ní 1852 ni Macgregor Laird dá ẹgbẹ́ ọkọ̀ eléèéfín sílẹ̀ láti máa kó lẹ́tà àti èrò láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti etíkun wa; kò sì pẹ́ tí Liverpool fi di ibùdó iṣẹ́ náà. Títí di 1972 ni ọkọ̀ èrò fi ń ti ibẹ̀ wá sí Èkó. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn ni Aureol, tí a fi orúkọ òkè tí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay wà lórí rẹ̀ ní Freetown pè. Ohun tí a fẹ́ jọ rò ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni èyí: kí ni ó sọ irú èbúté bẹ́ẹ̀ di ahoro, kí sì ni ó mú un sọjí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ó ti ṣe di ńlá. Ní 1715 ni wọ́n ṣí ibi ìdákọ̀ró kan níbẹ̀, tí a fi ilẹ̀kùn sé omi mọ́, kí ọkọ̀ lè máa léfòó bí odò Mersey tilẹ̀ fà. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ìtàn ọrọ̀ ìlú náà kí ó sì fo òwò ẹrú dá. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò sí èbúté ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń rán ọkọ̀ ẹrú jáde tó o. Nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ka òwò náà léèwọ̀ ní 1807, epo pupa etíkun wa, tí a fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, di ọjà pàtàkì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èrò pọ̀ sí i. Ní oṣù keje 1840, Britannia, ọkọ̀ Samuel Cunard, ṣíkọ̀ lọ sí Halifax àti Boston. Láàrin 1830 àti 1930, nǹkan bí mílíọ̀nù 9 ènìyàn ni ó gba Liverpool kọjá lọ wá ibùgbé titun ní òkè òkun. Ní 1895 wọ́n mú rélùwéè dé etí omi gan-an, kí èrò lè ti inú rẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀. Lára àwọn èrò wọ̀nyí ni onílé èrò, alásè, alágbàfọ̀ àti aláàárù ti ń jẹun.

Ìbàjẹ́ èbúté náà kò dé lọ́jọ́ kan. Southampton, ìlú èbúté kan ní gúúsù, sún mọ́ London ju Liverpool lọ. Ó sì dojú kọ ilẹ̀ Faransé, tí ọkọ̀ lè yà sí láti gbé èrò sí i. Ní 1907 ẹgbẹ́ White Star kó àwọn ọkọ̀ rẹ̀ pàtàkì tí ń lọ sí New York síbẹ̀. Ní 1919 Cunard tẹ̀ lé e. Ẹ rántí Titanic tí ó rì ní 1912: orúkọ Liverpool ni a kọ sí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fojú kan Liverpool rí; Southampton ni ó ti ṣíkọ̀. Orúkọ kù, èrò ti lọ. Láti 1958 tí ọkọ̀ òfúrufú jẹ́ẹ̀tì ti ń fò kọjá lórí òkun Àtìláńtíìkì, ìrìn ọjọ́ púpọ̀ di ti wákàtí díẹ̀. Rélùwéè etí omi náà ṣíwọ́ iṣẹ́ ní 1971. Ní 1972 Aureol pẹ̀lú ṣí lọ sí Southampton. Ní 1974 ó dẹ́kun wíwá sí Èkó pátápátá. Ẹrù ṣì ń wọlé, ṣùgbọ́n inú àpótí irin ńlá ni wọ́n ń kó o sí, ẹ̀rọ ni ó sì ń gbé e. Ènìyàn díẹ̀ ni ó tó fún iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ìlú tí ó ní ju 850,000 ènìyàn lọ ní 1931 kò pé 440,000 mọ́ ní 2001.

Ní 2007 ni àwọn aláṣẹ ìlú ṣí afárá titun tí ó léfòó lórí Mersey, níbi tí ọkọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ ńláńlá lè so mọ́ ní àárín ìlú. Owó ìjọba àti ti Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n májẹ̀mú kan rọ̀ mọ́ owó náà: ọkọ̀ lè yà síbẹ̀ fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ìrìn-àjò kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ tàbí parí níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà, nítorí nínú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Èrò tí ó yà fún ọjọ́ kan a sọ̀kalẹ̀ ní òwúrọ̀, a wo ilé ńlá, a mu tíì, a sì padà sínú ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n èrò tí ìrìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lè sun ilé èrò ní ọjọ́ tí ó ṣáájú. A san owó mọ́tò, a ra ohun tí ó gbàgbé sílé. Ọkọ̀ náà pẹ̀lú a sì gba oúnjẹ àti omi tí yóò gbé e lọ. Àlejò ni ti ìṣáájú. Oníbàárà ni ti ìkẹyìn.

Nígbà tí Liverpool bẹ̀bẹ̀ pé kí a tú májẹ̀mú náà, Southampton kọ̀. Wọ́n ní owó oníṣòwò ni a fi kọ́ èbúté tiwọn. Kò tọ́ kí a fi owó gbogbo ìlú ran ẹnì kan lọ́wọ́ láti gba ọjà lọ́wọ́ ẹnì kejì. Lójú tiwa, ẹjọ́ wọn kò ṣòfo. Ní 2012 Liverpool gbà láti dá ohun tí ó ju mílíọ̀nù 8 pọ́ùn padà nínú owó ìrànlọ́wọ́ náà. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, Ocean Countess bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò láti afárá náà, ohun tí a kò rí ní àárín ìlú náà láti nǹkan bí 40 ọdún. Ilé tí wọ́n ti gba ẹrù èrò jẹ́ ilé onígbà díẹ̀, kò lẹ́wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí wọ́n rà padà níye lórí ju ilé lọ. Ní oṣù karùn-ún 2015, nígbà tí Cunard pé 175 ọdún, ọkọ̀ rẹ̀ mẹ́ta tí ó tóbi jùlọ pàdé lórí Mersey, èrò ìwòran sì kún bèbè odò lọ́tùn-ún lósì.

A kò gbọdọ̀ sọ àsọdùn. Ìrìn-àjò afẹ́ kò lè dá gbogbo iṣẹ́ tí ó sọnù padà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn ni ó sì pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ìlú tí òfúrufú gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀ wá ọ̀nà mìíràn gbé wọn wá sí etí omi.

Ní etíkun tiwa pẹ̀lú, a ń gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa títún èbúté ṣe àti ọkọ̀ èrò lórí ọ̀sà. Nígbà tí a bá fi àwòrán afárá titun hàn wá, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹwà rẹ̀ dí wa lójú. Kí a bèèrè pé: níbo ni ìrìn èrò yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ta ni yóò ta oúnjẹ fún un, ta ni yóò sì gbé ẹrù rẹ̀? Owó ta ni a fi kọ́ ọ, májẹ̀mú wo ni ó sì rọ̀ mọ́ ọn? Liverpool ní afárá fún ọdún márùn-ún kí ó tó ní èbúté. Ìgbà tí ó san ohun tí ó tọ́ ni ilẹ̀kùn náà di tirẹ̀.